Ìyọnu ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀dọ̀fóóró tó ń tinú àrùn ẹ̀jẹ̀ àti àrùn ọkàn wá

Orúkọ ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀dọ̀fóóró jọra lẹ́nu wa, àmọ́ iṣẹ́ wọn ò jọra rárá. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe òrónro tó sì ń yọ ìdọ̀tí kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀fóóró ni tiẹ̀ ló ń fa atẹ́gùn sínú ẹ̀jẹ̀. Gbogbo ẹ̀jẹ̀ tí apá ọ̀tún ọkàn bá tì jáde, ẹ̀dọ̀fóóró ló ń gbà kọjá, bí ìdá kan nínú mẹ́rin èyí tí apá òsì ń tì jáde sì ń gba inú ẹ̀dọ̀, torí náà tí ẹ̀jẹ̀ fúnra ẹ̀ bá ní àrùn, tàbí tí ọkàn ò lágbára mọ́, ọ̀ràn ọ̀hún kì í pẹ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì.

Èyí táwọn ará Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ mọ̀ jù nínú àrùn ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni fòníkú-fọ̀ladìde, táwọn dókítà ń pè ní drépanocytose. James Herrick ní Chicago ló kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú ìwé ìṣègùn òyìnbó lọ́dún 1910, àmọ́ kó tó dìgbà yẹn, àbíkú ni wọ́n ń pe ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní in lọ́dọ̀ wa. Wọ́n pín jíìnì ẹ̀, ìyẹn ohun tọ́mọ ń jogún tó ń fà á, sí oríṣi mélòó kan, ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ Benin, orúkọ ilẹ̀ yìí gan-an, òun ló sì wọ́pọ̀ jù níbí. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa tó péye ń lo bí 120 ọjọ́, ti ẹni tó jẹ́ SS, ìyẹn ẹni tó jogún jíìnì yìí lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá, kì í sábà ju 10 sí 20 ọjọ́ lọ, torí ó máa ń tẹ̀ bíi dòjé, á le, á há sínú iṣan tóóró, á sì fọ́.

Ẹ̀dọ̀ ló máa kó ìdọ̀tí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó fọ́ yìí, ìdọ̀tí náà ló ń pọ́n ojú. Ìyá á gbé ọmọ síta nínú oòrùn, á fa ìpéǹpéjú ẹ̀ wálẹ̀, á rí i pé funfun ojú ti pọ́n, ó parí, ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ni, àgbo ti dé orí iná nìyẹn. Kì í ṣe gbogbo àgbo ló burú o, àmọ́ àwọn egbòogi kan wà tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ojú ẹni tó jẹ́ SS sì lè máa pọ́n díẹ̀ lójoojúmọ́ láìsí pé ẹ̀dọ̀ ń ṣe é, èyí tó ń dẹ́rù bani ni kó dédé pọ́n ju ti tẹ́lẹ̀, kí ìtọ̀ dúdú bíi Coca, kí ìgbẹ́ máa funfun, kí abẹ́ ìhà ọ̀tún máa dùn ún pẹ̀lú ibà. Ó lè jẹ́ òkúta dúdú kéékèèké nínú àpò òrónro. Nígbà míì ẹ̀jẹ̀ á rọ́ sínú ẹ̀dọ̀ kò ní jáde mọ́, ẹ̀dọ̀ á wú, ẹ̀jẹ̀ tó kù lára á sì já wálẹ̀ débi pé àfi kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Ẹ̀jẹ̀ gbígbà náà ní wàhálà tiẹ̀: àpò kan ń kó bíi 200 sí 250 míligíráàmù irin wọlé, ara ò sì lọ́nà tó ń gbà lé e jáde, inú ẹ̀dọ̀ ló ń kó jọ sí.

Ti ẹ̀dọ̀fóóró ló ń tètè pani jù. Wọ́n ń pè é ní syndrome thoracique aigu. Ó lè bẹ̀rẹ̀ bí ẹ̀yìn ríro tàbí itan ríro lásán, pàápàá nígbà ọyẹ́, tó bá di ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, ikọ́ ti dé, àyà ń dun èèyàn, ara gbóná, èémí ń já. Ó lè jẹ́ kòkòrò àrùn ló fà á, ó lè jẹ́ ọ̀rá inú mùdùnmúdùn egungun ló já wọ ẹ̀jẹ̀ tó lọ há síbẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé egungun ìhà ń ro ẹni náà débi tí ò lè mí kanlẹ̀. Ràdíò àyà, ìyẹn àwòrán inú àyà tí wọ́n ń fẹ̀rọ yà, ló ń fi í hàn. Atẹ́gùn, oògùn apakòkòrò àti ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi ń tọ́jú ẹ̀, wọ́n á tún ní kó máa fa èémí kanlẹ̀ léraléra, omi tí wọ́n ń fà sí i lára ò sì gbọ́dọ̀ pọ̀ jù torí ẹ̀dọ̀fóóró náà ló máa kún fún un. Tí iṣan inú ẹ̀dọ̀fóóró bá ń bàjẹ́ lọ lọ́dọọdún, ìfúnpá ibẹ̀ á ga, á sú apá ọ̀tún ọkàn, bí ọ̀rọ̀ ṣe ń kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀jẹ̀ bọ́ sọ́dọ̀ ọkàn nìyẹn.

Tó bá jẹ́ apá òsì ọkàn ló rẹ̀, inú ẹ̀dọ̀fóóró ni omi ń padà sí: ẹni náà ò ní lè sùn gbalaja mọ́, ìrọ̀rí méjì á di mẹ́ta, títí á fi máa jókòó fara ti ògiri mọ́jú. Ọmọ tí ọ̀nà ọ̀fun ń dùn tí wọn ò tọ́jú lè ní irú èyí tó bá dàgbà, torí ó lè ba fálíìfù, ìyẹn ilẹ̀kùn kéékèèké inú ọkàn, jẹ́, á máa wúkọ́ ẹ̀jẹ̀, wọ́n á rò pé ikọ́ ife ni. Àìlágbára ọkàn yìí tún máa ń ṣe àwọn abiyamọ kan, láti oṣù tó kẹ́yìn oyún títí dé oṣù márùn-ún lẹ́yìn ìbímọ. Tó bá jẹ́ apá ọ̀tún, ẹ̀dọ̀ á wú, ikùn á gba omi, ẹsẹ̀ á wú tí ìka á máa rì sí i, àwọn ará ilé á ní ó ti tẹ nǹkan mọ́lẹ̀. Irú ẹ̀dọ̀ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n bá gé e, ó máa ń ṣe tótòtó bíi muscade tí wọ́n là sí méjì.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní électrophorèse ló ń sọ bóyá èèyàn jẹ́ AS (ẹni tó kàn gbé jíìnì náà lápá kan), SS tàbí SC (oríṣi àrùn náà míì). Kútọ̀nu ni ibùdó ńlá tó ń tọ́jú ọmọ ọwọ́ àti aláboyún tó ní drépanocytose wà, ó sún mọ́ Àjàṣẹ́, àmọ́ láti Ṣábẹ̀ẹ́ ó lé ní 200 kìlómítà. Oògùn hydroxyurea, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún àgbàlagbà lọ́dún 1998, máa ń dín ìyọnu àyà yìí kù, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń lò ó gbọ́dọ̀ máa lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò lóòrèkóòrè torí ó lè dín sẹ́ẹ̀lì funfun kù.