Ìlẹ̀kẹ̀ Adé Ọba àti Yàrá Ṣókùnkùn Kan ní Venice

Ọ̀pọ̀ wa gbà pé ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n ti ṣe gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ tó wà lára adé ọba. Iṣẹ́ adé náà, tiwa ni. Ẹ béèrè ní Ẹ̀fọ̀n-Alààyè. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ ara adé ayé àwọn baba ńlá wa, òkun ló là kọjá, Venice, ìlú kan ní Ítálì, sì wà lára ibi tó ti wá.

Láàárín ọdún 1880 sí 1882, John Singer Sargent, ọmọ Amẹ́ríkà tí wọ́n bí sí Florence, ya àwòrán kan tó wà ní Art Institute of Chicago báyìí: Venetian Glass Workers. Kò ya ààfin, kò ya ọkọ̀ ojú omi. Yàrá ṣókùnkùn ló wọ̀ lọ, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ jókòó ti ọ̀pá gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n dì wọ́n mú bí ìdì ọwọ̀. Ọ̀dà tó fà gbọọrọ ló di ìmọ́lẹ̀ tó ń dán lára ọ̀pá náà. Mo fẹ́ràn àwòrán yìí púpọ̀.

Láyé ìgbà náà, inú ọ̀pá yẹn ni ìlẹ̀kẹ̀ ti ń jáde. Wọn á fẹ́ atẹ́gùn sínú gíláàsì tó ti yọ́, ènìyàn méjì á dì í mú ní orí rẹ̀ méjèèjì, wọn á sì sáré kúrò lọ́dọ̀ ara wọn. Bí ó ṣe ń gùn ni ihò àárín rẹ̀ ń gùn bá a lọ. Wọn á gé e wẹ́wẹ́, wọn á yí i nínú iná kí etí rẹ̀ lè dán. Lẹ́yìn náà ló kan àwọn obìnrin tí wọ́n ń pè ní impiraresse, tí wọ́n ń fi ọ̀pọ̀ abẹ́rẹ́ gígùn sín in lẹ́ẹ̀kan náà, lórí owó táṣẹ́rẹ́. Sargent ya àwọn náà.

Kí ẹnikẹ́ni má wá sọ pé òyìnbó ló kọ́ wa ní ìlẹ̀kẹ̀ o! Ní Igbó Olókun, Ilé-Ifẹ̀, àwọn awalẹ̀pìtàn rí ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tó lé ní 12,000 pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ gíláàsì. Láàárín ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀, èròjà gíláàsì wọn sì yàtọ̀ sí ti Yúróòpù.

Láyé ìgbà náà, tí ìlẹ̀kẹ̀ Venice bá gúnlẹ̀ sí etíkun wa, orí okùn tí àwọn obìnrin yẹn sín in sí ló ń wà. Oníṣẹ́ adé á já okùn náà, á sì tún un sín.