Ilẹ̀kùn Ẹ̀yìn Ni Kí Wọ́n Fẹ̀

Ìbéèrè ni pé: bí ẹnì kan bá fẹ́ gbé supercharger, ẹ̀rọ tó ń fi ipá ti afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìnì, lé Chevrolet 350 inú Camaro àtijọ́, fáàfù wo ló yẹ kó fẹ̀, èyí tó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé ni àbí èyí tó ń tú èéfín jáde? Ẹni tó ti ń wá irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ti mọ iṣẹ́ tí fáàfù ń ṣe. Ẹ jẹ́ ká fo ìyẹn. Ohun tó ń bíni nínú ni àbá tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àwọn èèyàn: afẹ́fẹ́ púpọ̀ ń bọ̀, ẹ fẹ fáàfù tó ń gbà á wọlé. Wọ́n á yọ oní-íǹṣì 1.94 kúrò lára tọ́ọ̀pù sílíńdà, wọ́n á fi 2.02 sí i, wọ́n á sì fi fáàfù èéfín sílẹ̀ ní 1.50 tó wà.

Ẹ wo ibùdókọ̀ tí mólúè ti ń kó èrò láàárọ̀. Kọ̀ńdọ́ ló ń fi èjìká ti èrò wọlé, bó ti wù kí ilẹ̀kùn há tó. Supercharger ni kọ̀ńdọ́ yẹn. Nígbà tí kò sí i, afẹ́fẹ́ ayé nìkan, bíi páùn 14.7 lórí íǹṣì kan níbùú lóròó, ló ń wọlé fúnra rẹ̀. Ìgbà náà ni ilẹ̀kùn fífẹ̀ ń ṣeni lóore jù. Supercharger tó bá fi páùn 8 lé e ti fi ju ìdajì kún un. Ṣùgbọ́n kò sí kọ̀ńdọ́ lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, ìyẹn fáàfù èéfín. Èrò tó wọlé ní tútù ti jóná, wọ́n ti wú (mólúè kankan ò burú tó báyìí), gbogbo wọn sì fẹ́ gba ojú ihò kékeré kan jáde. Àwọn kan á fi agbára ara wọn sá jáde. Èyí tó bá kù, písítìn ló máa tì í, agbára tí à ń wá gan-an ló sì máa fi tì í.

Láti 1.94 sí 2.02, ojú fáàfù fi bíi ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún fẹ̀ sí i. Bí a bá fẹ fáàfù èéfín láti 1.50 sí 1.60, ó sún mọ́ 14. Fáàfù 2.02 tún ní gbèsè tirẹ̀: páùn 8 yẹn ń tì í láti ẹ̀yìn, ó sì di nǹkan bíi páùn 25 lápapọ̀ tí sípíríǹgì gbọ́dọ̀ borí kí fáàfù tó lè pa dé. Ihò sílíńdà náà kò ju íǹṣì 4 lọ. Fáàfù tó bá tóbi jù á fara ti ògiri, afẹ́fẹ́ ò sì ní rí ẹ̀gbẹ́ yẹn gbà. Fún ọkọ̀ ojú títì, 1.94 pẹ̀lú 1.60 bọ́gbọ́n mu ju 2.02 pẹ̀lú 1.50 lọ.

Supercharger 6-71 tí àwọn eléré ìje ń gbé lé V8 (ẹ́ńjìnì onísílíńdà mẹ́jọ) lórí, ara ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì two-stroke (èyí tí písítìn rẹ̀ ń parí iṣẹ́ ní lílọ àti bíbọ̀ kan) ti GMC, tó jáde ní 1938, ni wọ́n ti yọ ọ́. Ihò ara ògiri sílíńdà ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnì yẹn. Gbogbo fáàfù tó wà lórí rẹ̀, èéfín nìkan ni wọ́n ń tú.