Kí ni búlúù àti pupa inú Mass Effect 2 ń wọ̀n gan-an?

Ẹni tó bá ti gbá géèmù Mass Effect rí á mọ Paragon tó jẹ́ búlúù, tó máa ń fi sùúrù sọ̀rọ̀, á sì mọ Renegade tó jẹ́ pupa, tí kì í gba gbẹ̀rẹ́. Ká má pẹ́ níbẹ̀. Ohun tó ń bíni nínú ni báwọn èèyàn ṣe ń sọ pé ńṣe ni pọ́íǹtì téèyàn ń gbà fún èyí tó bá yàn nínú méjèèjì ń wọn bí èèyàn ṣe dáa tó. Irọ́ ni o, pàápàá nínú apá kejì tó jáde ní 2010. Ohun tó ń wò ni bóyá ojú ọ̀nà kan ṣoṣo lèèyàn ń tọ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Nínú apá kìíní tó jáde ní 2007, èèyàn á kàn fi pọ́íǹtì ìmọ̀ọ́ṣe ra Charm (ọ̀rọ̀ dídùn) tàbí Intimidate (ìhàlẹ̀) ni, kó lè rí ọ̀rọ̀ tó ń yí àwọn míì lọ́kàn padà tẹ̀. BioWare tó ṣe géèmù náà yọ ìyẹn kúrò nínú apá kejì, wọ́n wá ní kí géèmù máa ka gbogbo pọ́íǹtì Paragon tó wà nílẹ̀ ní gbogbo ibi tẹ́ ẹ ti dé, kó wá bi yín pé, mélòó lẹ ṣà níbẹ̀? Bí àjọ ojoojúmọ́ ló ṣe rí, kádì méjì ló wà lọ́wọ́, búlúù kan, pupa kan, àmọ́ owó kádì kan péré lèèyàn ní lójúmọ́. Tẹ́ ẹ bá dá ti búlúù lónìí, ojú kan á ṣófo lórí pupa. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ yáwó, alájọ ò ní ka owó rárá, ojú tó ṣófo ló máa kà, ẹni tó bá sì ń dá díẹ̀ síbí díẹ̀ sọ́hùn-ún, kádì ẹ̀ méjèèjì ni wọ́n máa dá padà fún un.

Ibi tó ti máa ń dunni jù ni ìjà Miranda àti Jack, àwọn méjì tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ nínú géèmù náà. Láàbù Cerberus, ẹgbẹ́ tí Miranda ń ṣiṣẹ́ fún, ni wọ́n ti fìyà jẹ Jack láti kékeré, Miranda ò sì gbà pé Cerberus jẹ̀bi. Tẹ́ ẹ bá ti bá àwọn méjèèjì ṣe iṣẹ́ tiwọn tán, ìjà bẹ̀rẹ̀ nínú ọ́fíìsì Miranda nìyẹn, àga ń fò lókè. Ọ̀rọ̀ tó lè parí ìjà náà wà lójú skíríìnì, àmọ́ tí pọ́íǹtì ò bá tó, ńṣe ló máa ṣú, kò ṣeé tẹ̀. Ó di dandan kẹ́ ẹ gbè sẹ́yìn ẹnì kan, ẹnì kejì ò sì ní fọkàn tán yín mọ́, ẹni tí ò bá sì fọkàn tán yín lè tètè kú nínú iṣẹ́ ìkẹyìn.

Ta ló sábà máa ń bọ́ sínú wàhálà yìí? Ẹni tó di Tali, ẹlòmíì tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, mọ́ra nígbà tí Tali rí òkú bàbá ẹ̀ (búlúù nìyẹn), tó sì tún ti jàǹdùkú kan gba ojú fèrèsé ilé gogoro jáde (pupa nìyẹn). Ìwà ẹni yẹn ò yí padà o! Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ ló tù nínú, ọ̀tá ẹ̀ ló sì le mọ́, àmọ́ àwọ̀ nìkan ni géèmù rí. Ìdí nìyí táwọn èèyàn ò fi ń ka ọ̀rọ̀ mọ́, wọ́n kàn ń tẹ ti òkè ṣáá torí ibẹ̀ ni Paragon máa ń wà.

Ní 2012, apá kẹta da méjèèjì pọ̀ sínú Reputation (orúkọ téèyàn ní) kan, ó sì dáa ju tàtẹ̀yìnwá lọ. Àmọ́ géèmù míì, Fallout: New Vegas tí Obsidian ṣe, tó jáde ní 2010 kan náà, ló gbọ́n jù lójú tèmi. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń tọ́jú àkọsílẹ̀ tiẹ̀, oore lọ́tọ̀, ibi lọ́tọ̀, ọ̀kan ò sì lè pa èkejì rẹ́. Ẹ gba ìlú kan sílẹ̀ kẹ́ ẹ tún jà wọ́n lólè, wọ́n á rántí méjèèjì. Kódà kí orúkọ burúkú tẹ́ ẹ ní lọ́dọ̀ Legion, ọ̀kan lára àwọn ẹgbẹ́ náà, tó lè pa rẹ́, àfi kí Caesar olórí wọn fúnra ẹ̀ rán Vulpes ìránṣẹ́ ẹ̀ wá bá yín ní Strip, àdúgbò ilé tẹ́tẹ́, pé òun ti dárí jì yín.