Àtúnṣe ilé àtijọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá

Àtúnṣe ilé àtijọ́ ni iṣẹ́ tí a ń ṣe sí ilé tó ti pẹ́, tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ àti ọ̀pọ̀ nínú ògiri rẹ̀ ṣì dúró dáadáa, kí inú rẹ̀ lè gbòòrò, kí afẹ́fẹ́ àti ìmọ́lẹ̀ lè wọ ibi tí wọn kò ti wọ̀ tẹ́lẹ̀, kí omi ẹ̀rọ, iná mànàmáná àti ilé ìwẹ̀ sì lè ráyè nínú rẹ̀. Ó yàtọ̀ sí kíkun ilé lọ́dà tàbí pípààrọ̀ páànù tó ti dípẹtà, nítorí pé ó kan àwọn ohun tó gbé ilé dúró gan-an. Ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, ilé tí irú iṣẹ́ yìí wọ́pọ̀ sí jù ni ilé onípáséèjì, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan la àárín rẹ̀ kọjá, tí yàrá sì tò lọ́tùn-ún àti lósì rẹ̀.

Bí ilé onípáséèjì ṣe bẹ̀rẹ̀

Kí páànù tó dé, agbo ilé ni àwọn Yorùbá ń gbé: yàrá tò yí àgbàlá kan ká, ọ̀dẹ̀dẹ̀ olópòó sì wà níwájú àwọn yàrá náà. Yàrá kéré, ó sì ṣókùnkùn, ṣùgbọ́n oorun àti ẹrù ni wọ́n fi í ṣe. Àgbàlá àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n ti ń jẹun, tí wọ́n sì ti ń gba àlejò. Ní ọ̀rúndún 19, àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tí àwọn tàbí òbí wọn ti ṣe ẹrú ní Brazil, bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá sí Èkó, wọ́n sì tẹ̀dó sí Pópó Àgùdà ní Erékùṣù Èkó. Bíríkìlà àti káfíńtà pọ̀ nínú wọn. Ilé tí wọ́n ń kọ́ kọjú sí títì, ó ní fèrèsé ńláńlá onípákó, ọ̀nà kan sì gba inú rẹ̀ láti ẹnu ilẹ̀kùn iwájú dé ẹ̀yìnkùlé. Irú ilé yìí tàn dé Abẹ́òkúta, Ìjẹ̀bú-Òde, Ìbàdàn àti Òṣogbo, ó sì pọ̀ ní Àjàṣẹ́, tí orúkọ rẹ̀ lórí àwòrán ilẹ̀ Benin ń jẹ́ Porto-Novo.

Nígbà tí èrò pọ̀ sí i ní ìlú, àwọn onílé bẹ̀rẹ̀ sí í fi yàrá kọ̀ọ̀kan háyà fún ìdílé kọ̀ọ̀kan. Bí ilé náà ṣe gba orúkọ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n sí nìyẹn, face-me-I-face-you, nítorí pé ilẹ̀kùn kọjú sí ilẹ̀kùn. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìbú yàrá kan kì í ju ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 12 lọ, páséèjì kì í sì í ju ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 5 lọ ní fífẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ni ilé ìdáná, balùwẹ̀ àti ṣalángá wà, gbogbo ilé ló sì jọ ń lò ó. Yàrá kọ̀ọ̀kan kì í sábà ní ju fèrèsé kan lọ, afẹ́fẹ́ kò sì lè la inú rẹ̀ kọjá àfi tí ilẹ̀kùn bá ṣí sílẹ̀ sí páséèjì. Páséèjì ni imú tí irú ilé bẹ́ẹ̀ fi ń mí, àtúnṣe tó bá sì dí i pa láìwá ọ̀nà mìíràn fún afẹ́fẹ́ máa ń sọ ilé di ààrò.

Ògiri tó ru ẹrù

Ohun tí ẹni tó fẹ́ ṣí inú ilé sílẹ̀ máa ń kọ́kọ́ fẹ́ ṣe ni kí ó wó ògiri tó wà láàárín yàrá méjì, tàbí èyí tó wà láàárín yàrá àti páséèjì, kí pálọ̀ kan tó fẹ̀ lè jáde níbẹ̀. Nínú ilé tí wọ́n fi òpó àti bíìmù onírin kọ́, a lè yọ búlọ́ọ̀kù tó wà láàárín òpó méjì láìsí ewu púpọ̀. Ilé onípáséèjì kì í sábà ní òpó. Ògiri fúnra rẹ̀ ni òpó. Nínú ilé ilẹ̀, àwọn ògiri méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ páséèjì ló sábà ń gba àárín igi òrùlé dúró. Nínú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tí ilẹ̀ òkè rẹ̀ jẹ́ pákó, orí àwọn ògiri méjì yìí kan náà ni ìtì igi tó gbé pákó náà ń sinmi lé. Ẹni tó bá wó wọn láìfi nǹkan mìíràn dípò ti gba ọ̀pá lọ́wọ́ arúgbó.

Ọ̀nà tí wọ́n fi ń dá ògiri tó ru ẹrù mọ̀ ni pé kí wọ́n ṣí àjà, kí wọ́n sì wo ibi tí igi dojú kọ. Igi tó bá dábùú orí ògiri ti gbé ara lé e. Igi tó bá ògiri lọ ní ọgbọọgba kì í sábà gbé ara lé e. Àwọn kan máa ń fi nínípọn ògiri ṣe àmì, nítorí pé búlọ́ọ̀kù íǹṣì 9 ni wọ́n sábà fi ń mọ ògiri tó ru ẹrù, tí wọ́n sì ń fi ti íǹṣì 6 pín yàrá. Àmì yìí kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé pátápátá, torí pé irú búlọ́ọ̀kù kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ onílé fi kọ́ ilé wọn tán.

Bí ó bá di dandan kí ògiri tó ru ẹrù kúrò, wọ́n á kọ́kọ́ fi igi tàbí irin ti ìtì igi òkè lẹ́yìn ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ògiri náà. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á gbẹ́ ìpìlẹ̀ fún òpó méjì, wọ́n á da kọ́ńkéré bíìmù sókè tàbí kí wọ́n gbé bíìmù onírin sí i, ìgbà tí bíìmù bá sì ti le ni wọ́n tó ń yọ búlọ́ọ̀kù abẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ 28 ni àwọn ẹnjiníà fi ń wọn agbára kọ́ńkéré. Yíyọ igi ìtilẹ̀ kúrò kí ó tó gbó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù. Àwọn tó mọ iṣẹ́ kì í sábà wó gbogbo ògiri. Wọ́n á ṣí àárín rẹ̀ bí ẹsẹ̀ bàtà 6 sí 8, wọ́n á sì fi èékù ògiri sílẹ̀ lápá méjèèjì, kí bíìmù lè rí ibi jókòó, kí ògiri tó kù má sì baà là. Àyè náà á ṣí sílẹ̀ tó, owó tí yóò sì náni kò ní pọ̀ bí ìgbà tí a bá wó gbogbo rẹ̀.

Ilé alámọ̀

Àtúnṣe ilé alámọ̀ yàtọ̀ pátápátá. Ìpele-ìpele ni wọ́n fi ń mọ ọ́n: ipele kan kì í sábà ju ẹsẹ̀ bàtà 2 ní gíga lọ, wọ́n á sì jẹ́ kí ó gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Ògiri bẹ́ẹ̀ nípọn, ó máa ń tutù lọ́sàn-án, ó sì lágbára nígbà tí ẹrù bá tẹ̀ ẹ́ láti òkè wá, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí nǹkan fà á tàbí kí ó tì í láti ẹ̀gbẹ́. Ìdí nìyí tí kò fi dára kí a la ẹnu ọ̀nà tuntun sí ìtòsí igun ilé, tí ìtẹ́rígbà igi tó le, bíi ìrókò tàbí apá, tó sì wọlé jìnnà sínú ògiri lápá méjèèjì, fi pọn dandan.

Ọ̀tá ilé alámọ̀ ni omi, pàápàá èyí tó ń wọ ìsàlẹ̀ ògiri. Ó wọ́pọ̀ kí àwọn ènìyàn fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ilé alámọ̀ kí ó lè dà bí ilé búlọ́ọ̀kù, àwọn bíríkìlà sì máa ń kan wáyà tó dà bí àwọ̀n mọ́ ògiri kí sìmẹ́ǹtì lè rọ̀ mọ́ ọn. Sìmẹ́ǹtì le ju amọ̀ lọ, kì í wú, kì í sì í sunkì bíi tirẹ̀. Tí omi bá gba ibi tí sìmẹ́ǹtì ti sán wọlé, kò ní ráyè gbẹ, amọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ á rọ̀, ìrẹ́ náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí wálẹ̀ lódidi. Amọ̀ tí wọ́n pò mọ́ ẹfun ìkọ́lé (lime) tàbí mọ́ sìmẹ́ǹtì díẹ̀ bá irú ògiri yìí mu ju sìmẹ́ǹtì àti yanrìn lásán lọ. Balùwẹ̀ tuntun kò gbọdọ̀ fara ti ògiri amọ̀. Ó sàn kí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ọ lọ́tọ̀, lórí ìpìlẹ̀ tirẹ̀.

Afẹ́fẹ́, omi àti iná

Ìtàn fèrèsé nìkan tó láti fi hàn pé kì í ṣe gbogbo ohun tuntun ló sàn ju ti àtijọ́ lọ. Fèrèsé onípákó àwọn Àgùdà máa ń ṣí tán. Lúfà onígíláàsì tó rọ́pò rẹ̀ náà ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé ní gbogbo ojú fèrèsé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í dí eruku ọyẹ́ dáadáa. Sláídìn tí ọ̀pọ̀ onílé wá ń fi rọ́pò lúfà kò lè ṣí ju ìdajì lọ, nítorí ẹ̀yìn ìdajì kejì ni ìdajì kan ń sá sí. Onílé tó bá fi í síbẹ̀ láìfẹ fèrèsé ti dín afẹ́fẹ́ ilé rẹ̀ kù, á sì di dandan kí ó ra ẹ̀rọ amúlétutù. Àjà ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì, tó wà nínú ọ̀pọ̀ ilé tó ti pẹ́, náà gba ìṣọ́ra: Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé gbogbo irú ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì ló lè fa àrùn jẹjẹrẹ, eruku rẹ̀ ló sì léwu. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi omi rin ín kí wọ́n tó yọ ọ́, kí wọ́n má sì fọ́ ọ tàbí fi ayùn rẹ́ ẹ ní gbígbẹ.

Nígbà tí wọ́n bá sọ ilé yàrá 8 tàbí 10 di fúláàtì méjì, yàrá ẹ̀yìn ló sábà máa ń di ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀, kí páìpù má baà rìn jìnnà. Ìṣòro ńlá tó kù ni sọ́kàwéè. Ìmọ̀ràn tó wọ́pọ̀ ni kí ó jìnnà sí kànga tó ẹsẹ̀ bàtà 100, bẹ́ẹ̀ gígùn gbogbo pulọ́ọ̀tì 50 × 100 kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, kànga aládùúgbò sì lè sún mọ́ ọn ju ti onílé lọ. Wáyà iná àtijọ́, tí wọ́n ṣe fún gílóòbù àti rédíò, kò lè gbé ẹrù ẹ̀rọ amúlétutù. Pípààrọ̀ rẹ̀ pátápátá ni ó yẹ.

Ẹbí, ayálégbé àti òfin

Ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ jẹ́ ilé ẹbí. Lábẹ́ àṣà àti òfin ilẹ̀ Yorùbá tí àwọn ilé ẹjọ́ Nàìjíríà fọwọ́ sí, ọmọ ẹbí tó náwó sí àtúnṣe ilé ẹbí kò tìtorí bẹ́ẹ̀ di onílé. Ilé ẹbí ni ó ṣì jẹ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń wá ìfọwọ́sí olórí ẹbí àti àwọn àgbà ojú ìdí kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó gbé òòlù. Ìdí mìíràn wà tí kò sí nínú ìwé ẹnjiníà: inú ilé ni wọ́n ń sin àwọn àgbà sí láyé àtijọ́, nínú yàrá wọn, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí ní àgbàlá, ojú oórì míì sì ti wà lábẹ́ sìmẹ́ǹtì tipẹ́. Àwọn àgbà ilé nìkan ló lè tọ́ka sí ibi tí a kò gbọdọ̀ gbẹ́.

Ní Èkó, òfin ìyálégbé ti ọdún 2011 fún ẹni tó ń san owó ilé lọ́dọọdún ní oṣù 6 kí ó tó kó jáde, tí kò bá sí àdéhùn mìíràn, ó sì fún ẹni tó ń san án lóṣooṣù ní oṣù 1. Ilé tí ìdílé 10 ń gbé lè di ilé ìdílé 2 lẹ́yìn àtúnṣe, owó rẹ̀ á sì kọjá agbára àwọn tó jáde. Ìwé àṣẹ láti yí ìrísí tàbí ìlò ilé padà wà lọ́wọ́ LASPPPA, àjọ ìpínlẹ̀ Èkó tó ń fúnni ní àṣẹ ìkọ́lé, LASBCA, àjọ ìpínlẹ̀ náà tó ń bójú tó iṣẹ́ ìkọ́lé, ló sì ń ṣe àyẹ̀wò iṣẹ́ náà. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2019, ilé kan ní Ìta Fàájì, tí ilé ìwé wà nínú rẹ̀, wó, ó sì pa àwọn ọmọ ilé ìwé. Ìjọba sọ pé ilé ìgbé ni ilé náà, kò sì sí àṣẹ fún ilé ìwé níbẹ̀.

Àwọn ilé tó lórúkọ

Ilé Jaekel ní Ẹ̀bútè-Mẹ́tta, tí wọ́n kọ́ fún iléeṣẹ́ rélùwéè ní ọdún 1898, ni ẹgbẹ́ Legacy, tó ń dáàbò bo ilé àtijọ́, tún ṣe, ó sì di ilé ọnà ìtàn rélùwéè. Ní Ouidah ní ilẹ̀ Benin, Villa Ajavon, ilé aláràbarà Àgùdà tí wọ́n kọ́ ní 1922, di ilé ọnà ní 2013 láìsí pé wọ́n pa ojú rẹ̀ dà. Ilé Ìlọ́jọ̀ ní Gbàgede Tinúubú, tí ìdílé Fernandez kọ́ ní nǹkan bí 1855, tí ìjọba sì sọ di ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè ní 1956, kò rí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀: ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016 ni wọ́n wó o.