Àkọsílẹ̀ ìdìbò aṣòfin lórí òfin ọkọ̀ òfurufú: ibi tó yẹ kéèyàn wò

Àkọsílẹ̀ ìdìbò ni ìwé tó ń sọ bí aṣòfin kọ̀ọ̀kan ṣe dìbò: ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ní bẹ́ẹ̀ kọ́, ó wà níbẹ̀ àmọ́ kò gbè sápá kankan, tàbí kò dìbò rárá. Ní Amẹ́ríkà, ìdìbò ìkẹyìn lórí òfin ọkọ̀ òfurufú kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ èrò ẹnikẹ́ni. Inú àbádòfin ńlá kan ṣoṣo ni wọ́n ń kó gbogbo nǹkan sí: owó àjọ FAA tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfurufú, owó tí wọ́n ń dá padà fún èrò, ọjọ́ orí awakọ̀ bàálù, títí dé iye bàálù tó lè lo pápákọ̀ kan lójúmọ́.

Òfin FAA ti ọdún 2024 fi èyí hàn kedere. Ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún ọdún náà, sẹ́nétọ̀ 88 fọwọ́ sí i, àwọn 4 péré ló kọ̀: Mark Warner àti Tim Kaine láti Virginia, Ben Cardin àti Chris Van Hollen láti Maryland. Ṣé wọn ò fẹ́ ààbò ojú òfurufú ni? Rárá o. Òfin náà fi ìrìn àlọ-àbọ̀ 5 lójúmọ́ kún ti pápákọ̀ Reagan tó wà nítòsí Washington, tó fi mọ́ èyí tó ń lọ sí ibi tó jìnnà ju máìlì 1,250 lọ, àwọn ará ìpínlẹ̀ wọn ló sì ń lo pápákọ̀ yẹn, wọ́n sì ní ó ti kún jù. Wọ́n fẹ́ kí wọ́n yọ ọ́, àmọ́ Ilé Aṣòfin Àgbà ò dìbò lórí àtúnṣe wọn. Nítorí náà, kò sí àkọsílẹ̀ ẹni tí ì bá tì wọ́n lẹ́yìn níbẹ̀.

Ilé Aṣojú-ṣòfin ní tiwọn dìbò. Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 2023, àtúnṣe tó fẹ́ fi ìrìn àlọ-àbọ̀ 7 kún ti pápákọ̀ náà já, 205 sí 229. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìhà tí aṣojú rẹ̀ wà lórí Reagan, ìdìbò yìí ni kó wò, kì í ṣe ti ọjọ́ kejì, nígbà tí odindi àbádòfin wọlé pẹ̀lú 351 sí 69.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí awakọ̀ tún díjú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àbádòfin ti oṣù Keje yẹn fẹ́ sún ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì awakọ̀ láti 65 sí 67. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, ìgbìmọ̀ tẹ́ẹ́kótó Ilé Aṣòfin Àgbà kọ̀ ọ́, 14 sí 13, 65 ló sì wà nínú òfin tó jáde. Aṣojú tó sọ bẹ́ẹ̀ ni lẹ́ẹ̀mejèèjì, lórí àbádòfin oṣù Keje ọdún 2023 àti lórí òfin tó jáde lọ́dún 2024, ti fọwọ́ sí 67, ó tún ti fọwọ́ sí 65. Alátakò rẹ̀ á mú èyí tó bá wù ú lọ polongo. Ìdìbò ìgbìmọ̀ tẹ́ẹ́kótó kì í sí lára ìdìbò gbogbo ilé. Inú ìròyìn ìgbìmọ̀ náà lẹ máa wá a sí.

Bẹ́ẹ bá fẹ́ kà á fúnra yín, ẹ tẹ H.R. 3935, ìyẹn nọ́ńbà àbádòfin náà, sí congress.gov, kẹ́ ẹ ṣí abala Actions, kẹ́ ẹ wá nọ́ńbà ìdìbò. Orúkọ àwọn aṣojú wà lórí clerk.house.gov, ti àwọn sẹ́nétọ̀ wà lórí senate.gov. Kẹ́ ẹ tó wo orúkọ ẹnikẹ́ni, ẹ ka ìbéèrè tí wọ́n dìbò lé lórí. Bí àtúnṣe bá fẹ́ yọ nǹkan kúrò, ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ ni kò fẹ́ nǹkan náà. Bí àbá bá sì ni pé kí wọ́n pa àtúnṣe kan tì, bẹ́ẹ̀ ni túmọ̀ sí pé kó kú.

Bó bá jẹ́ ohùn ni wọ́n fi dìbò, ẹ má wá orúkọ kankan, kò sí. Bákan náà, nígbà tí Ilé Aṣojú-ṣòfin fi 387 sí 26 gba òfin náà ní ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún ọdún 2024, ọ̀nà ìkánjú tó ń béèrè ìdá méjì nínú mẹ́ta ni wọ́n gbà, kò sì sí àyè àtúnṣe: ẹni tí apá kan ò tẹ́ lọ́rùn, kó gbé gbogbo ẹ̀ mì tàbí kó kọ gbogbo ẹ̀.

Ẹ tún ṣọ́ra fún olórí ọmọ ẹgbẹ́ tó pọ̀ jù nínú Ilé Aṣòfin Àgbà. Bí ìbò 60 tí wọ́n nílò láti fòpin sí àríyànjiyàn ò bá pé, ó lè yí ìbò rẹ̀ sí bẹ́ẹ̀ kọ́, nítorí ẹni tó dìbò sí ìhà tó pàdánù ò lè dábàá pé kí wọ́n tún un dì.