Ṣúgà Tó Lẹ̀ Mọ́ Ẹ̀jẹ̀: Bí Ìwọ̀n Ṣe Ń Tú Àṣírí Rẹ̀

Ẹni tó bá ní àtọ̀gbẹ á ti gbọ́ nípa àyẹ̀wò HbA1c. Òun ló ń sọ bí ṣúgà ṣe rìn lára èèyàn láti bí oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn, kò sì sí bí a ṣe lè fi ààwẹ̀ ọjọ́ kan tàn án jẹ. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ hemoglobin, púrótéènì tó ń gbé atẹ́gùn kiri. Bó bá ti lẹ̀ mọ́ ọn tán, ó di ìgbà tí sẹ́ẹ̀lì pupa náà bá kú, ní nǹkan bí 120 ọjọ́.

Ọ̀nà tí IFCC, àjọ àgbáyé àwọn onímọ̀ àyẹ̀wò ìṣègùn, fi ń ṣe òdiwọ̀n àyẹ̀wò yìí lè lo mass spectrometer, ẹ̀rọ tó ń wọn ègé púrótéènì. Ẹ̀wọ̀n amino acid, àwọn ègé kéékèèké tó so kọ́ra, ni púrótéènì; beta jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ẹ̀wọ̀n hemoglobin. Ẹ́ńsáímù Glu-C, tó dà bí àlùmọ́gàjí, la kọ́kọ́ fi ń gé e. Ẹ̀yìn amino acid tó ń jẹ́ glutamic acid (E) ló ti ń gé e, nítorí náà orí ẹ̀wọ̀n beta á bọ́ pẹ̀lú amino acid mẹ́fà: VHLTPE, lẹ́tà kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láìsí ṣúgà, ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 694.4 ní dalton, òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn nǹkan tín-íntín bẹ́ẹ̀; bí ṣúgà bá wà lára rẹ̀, ó di 856.4. Èlé 162 yẹn là ń wá.

Àmọ́ èlé nìkan ò sọ gbogbo ọ̀rọ̀. Glucose àti galactose, oríṣi ṣúgà méjì, wúwo bákan náà gẹ́lẹ́. Ohun tí a mọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ ló jẹ́ ká gbà pé glucose ni. Ibo ló lẹ̀ mọ́? Orí ẹ̀wọ̀n àti amino acid tó ń jẹ́ lysine ni ṣúgà sábà ń dì mọ́. Kò sí lysine nínú mẹ́fà yìí, valine (V) àkọ́kọ́ ló gbé e. Nínú púrótéènì mìíràn, àfi ká fọ́ ègé náà wẹ́wẹ́ nínú ẹ̀rọ, ká wo èyí tó ru èlé.

Ìdí kọ̀ǹpútà tó ń fi ìwọ̀n tí ẹ̀rọ rí wé àkójọ ègé tí a kọ fún un ni ọ̀rọ̀ ti máa ń wọ́. Ohun tí a bá ní kó wá ló ń wá. Ẹ wo ẹ̀jẹ̀ ẹni tí jẹ́nótáìpù rẹ̀ jẹ́ AS: lára ẹ̀wọ̀n S (ẹ̀wọ̀n beta tó wá láti ọ̀dọ̀ S), valine ló wà ní ipò kẹfà dípò glutamic acid, Glu-C á kọjá lọ gé e ní ìkeje, ègé á di VHLTPVE, 793.4. Bó bá jẹ́ VHLTPE nìkan la kọ sílẹ̀ fún un, á fo ẹ̀wọ̀n S dá, kò sì ní kígbe. Nílẹ̀ wa tí AS pọ̀ sí, ohun tí mo máa kọ́kọ́ béèrè nìyẹn kí n tó ka èsì.

Ẹni tó sì ní kó wá gbogbo nǹkan náà ń wá ìjàngbọ̀n, torí bí àkójọ ṣe ń gùn ni ìbáramu èké ń pọ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń da púrótéènì ayédèrú mọ́ ojúlówó nínú àkójọ, ká lè fi iye ayédèrú tí kọ̀ǹpútà bá mú díwọ̀n àṣìṣe rẹ̀. Àṣìṣe 1% la sábà ń gbà. Síbẹ̀ èmi a tún ṣí àwòrán ìwọ̀n náà wò fúnra mi. Acetyl àti methyl náà máa ń lẹ̀ mọ́ púrótéènì bíi ṣúgà: acetyl ń fi 42.011 kún ìwọ̀n, methyl mẹ́ta ń fi 42.047 kún un. Ẹ̀rọ tí ojú rẹ̀ kò mú tó kò lè yà wọ́n, orúkọ yòówù tí kọ̀ǹpútà ìbáà kọ sí i.