Bí wáyà orí ṣe di ẹni tó ń júwe ọ̀nà fún ọ̀bẹ dókítà

Lọ́dún 1886 ní London, Victor Horsley ṣiṣẹ́ abẹ ọpọlọ fún ọmọkùnrin kan tí wárápá ń gbé, ó ti fara pa lórí ní kékeré, àpá yẹn ló sì jẹ́ kí dókítà mọ ibi tó máa là. Ó dáa, ẹni tí ò ní àpá ńkọ́? Àwọn yẹn ló pọ̀ jù, ojú lásán ò sì lè mọ ibi tí wárápá náà ti ń bẹ̀rẹ̀ nínú ọpọlọ.

Hans Berger ní Jena, ní Jámánì, ló kọ́kọ́ gba iná mànàmáná inú ọpọlọ èèyàn sórí ìwé, 1924 nìyẹn, kò sì tẹ̀ ẹ́ jáde àfi ní 1929.

Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ti Herbert Jasper. Ó wà ní yunifásítì Brown l'Amẹ́ríkà, ó sọ fún Wilder Penfield, dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ ọpọlọ, pé tóun bá fi wáyà gba iná ọpọlọ láti ìta agbárí, òun lè mọ ibi tí wárápá ti ń wá, Penfield ò gbà á gbọ́. Ni Jasper bá ń di ẹ̀rọ ẹ̀ sínú mọ́tò, ó ń wà á lọ sí Montreal ní Canada, ìgbà tí wọ́n la orí aláìsàn, ibi tó ní ó wà náà ni wọ́n bá a. Ní 1938 ó kúkú kó lọ síbẹ̀.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é o: aláìsàn ò sùn, awọ orí nìkan ni wọ́n gún lábẹ́rẹ́ torí ọpọlọ fúnra ẹ̀ kì í mọ ìrora. Penfield á fi iná kékeré kan ọpọlọ, á bi í pé kí lo gbọ́ lára, tó bá ní ọwọ́ òun mì, wọ́n á fi pẹ́pà kékeré tó ní nọ́ńbà síbẹ̀. Jasper wà lẹ́yìn gíláàsì, ojú ẹ̀ ò kúrò lára bírò ẹ̀rọ tó ń fa ìlà, ibi tí ìlà bá ti ń ta ṣóńṣó sókè, ibẹ̀ ni. Wọ́n á gé e, wọn ò ní fọwọ́ kan ibi tí ọ̀rọ̀ sísọ wà.

Nígbà tó yá, ní Paris, àwọn dókítà Jean Talairach àti Jean Bancaud sọ pé ìta ọpọlọ nìkan ò tó, wọ́n ń ki wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú lọ́hùn-ún. Wọ́n ṣì ń ṣe é títí dòní: aláìsàn á dùbúlẹ̀ sí ọsibítù pẹ̀lú wáyà lórí, ohun tó ti ń bẹ Ọlọ́run pé kó má wá mọ́, òun gan-an ni gbogbo wọn á jókòó dè, torí ibi tó bá ti gbéra ni ọ̀bẹ ń lọ.